Ìtọ́nà fún Dìndìnrìn Tó Fẹ́ Kó Ọmọ Lọ Wo Èkó

Ọlọ́gbọ́n ò nílò ìwé yìí. Tí ọlọ́gbọ́n bá fẹ́ kó ọmọ láti Ìbàdàn lọ wo Èkó, ibi kan ṣoṣo ni yóò mú. Wọ́n á débẹ̀, àwọn ọmọ á ṣeré, wọ́n á jẹun, wọ́n á sì ti wà nílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ò ní ìtàn nínú. Ìwọ dìndìnrìn ni mo ń bá sọ̀rọ̀, ìwọ Bàbá Wálé, tí Wálé jẹ́ ọmọ ọdún méje, tí Bọ́lá jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, tí àbíkẹ́yìn ò tíì pé méjì, tí o sì ti fọ́nnu lójú gbogbo ará ilé pé ìsinmi yìí ò ní parí kí àwọn ọmọ rẹ tó rí òkun. Fa àga sún mọ́ mi.

Ọjọ́ ni kí o kọ́kọ́ mú. Má mú ọjọ́ Ìṣẹ́gun, má mú Ọjọ́rú, torí pé ọ̀nà lè dá lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù ló tọ́ sí ọ. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni ìjọ Rìdíìmù máa ń ṣe ìsìn ńlá ní Káǹpù wọn létí márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, láti Èkó sì ni ọ̀pọ̀ èrò ti ń wá síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà bọ̀ yẹn ni ìwọ náà máa gbà kó ọmọ padà sílé, ní wákàtí kan náà. Tó bá wá jẹ́ oṣù kẹjọ, nígbà tí ilé ìwé wà nínú ìsinmi, ó tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé àpéjọ ọdọọdún wọn máa ń bọ́ sí oṣù yẹn. Àdúrà ni wọ́n ń lọ gbà. Ìwọ náà á ti máa gbà á kí o tó dé Mowé.

Àwọn kan á sọ fún ọ pé ọkọ̀ ojú irin wà. Wọn ò parọ́. Láti ọdún 2021 ni ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ń gbé èrò láàárín Móníyà àti Alágòméjì ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta. Ojú irin náà gùn tó kìlómítà 157, ó sì gba Abẹ́òkúta kọjá. Orúkọ Awólọ́wọ̀ ni wọ́n fi sọ ibùdókọ̀ ti Ìbàdàn, ti Ṣóyínká ni wọ́n fi sọ ti Abẹ́òkúta, ti Mobọ́lájí Johnson ni wọ́n fi sọ ti Èkó, ìyẹn ni pé ìtàn ti wà nílẹ̀ tí bàbá lè máa pa fún ọmọ láti ibùdókọ̀ kan sí èkejì. Kò sí tírélà lójú ọ̀nà rẹ̀. Ọmọdé lè dìde kó rìn nínú rẹ̀. Ó ní ilé ìtọ̀. Kí lo fẹ́ fi ọkọ̀ tó ní ilé ìtọ̀ ṣe? Ó tún ní àkókò tó ń gbéra. Tí o bá pẹ́, ó ti lọ, kò sí ẹ̀bẹ̀. Ṣé ọkọ̀ ló wá yẹ kó máa pàṣẹ fún bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta? Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó máa rí ọ níbi tí o ti ń wa Micra rẹ wọ Èkó.

Jẹ́ ká sọ ti Micra náà. Àwọn onítakisí Ìbàdàn ti sọ ọ́ di ọkọ̀ ìlú, ọmọ Ìbàdàn kò sì gbà pé ibì kan wà tí Micra ò lè dé. Èèyàn márùn-ún ni yín. Àyè ṣì kù. Mú àbúrò ìyàwó rẹ kún un, kó wá bá yín gbé ọmọ. Lẹ́yìn ìyẹn, tẹ Bùrọ̀dá rẹ láago ní Ìkòròdú pé ẹ ń bọ̀. Wọ́n á ní kí o bá àwọn mú èlùbọ́ díẹ̀ bọ̀, torí pé èyí tí àwọn ń rà ní Èkó ò jọ ti ilé. Má mú díẹ̀. Gbé odidi àpò. Búùtù ò ní gbà á, nítorí náà tẹ́ ẹ sílẹ̀ níwájú ìjókòó ẹ̀yìn, kí àwọn ọmọ lè rí ibi gbé ẹsẹ̀ lé.

Aṣọ ṣe pàtàkì ju oúnjẹ lọ. Rán àǹkóò fún gbogbo ilé, léèsì tó nípọn, kí bàbá wọ agbádá, kí Wálé wọ agbádá, kí àbíkẹ́yìn tó ń lo pámpásì náà wọ agbádá. Omi wà nínú ooru Èkó. Léèsì tó gbẹ táútáú nígbà tí ẹ kúrò nílé á ti lẹ̀ mọ́ wọn lára kí ẹ tó dé Ọjọ́ta. Fún Bọ́lá, ra bàtà tuntun, èyí tó fi nọ́ńbà kan kéré sí ẹsẹ̀ rẹ̀, torí pé èyí tó bá a mu ti tán lọ́wọ́ àwọn oníbàtà ní Dùgbẹ̀. Pámpásì méjì tó. Má kó aṣọ mìíràn dání, ṣé ẹ fẹ́ lọ sùn níbẹ̀ ni?

Jí wọn ní aago mẹ́rin ìdájí. Wẹ̀ fún wọn, wọṣọ fún wọn, tò wọ́n sórí àga ní pálọ̀, kí o sọ fún wọn pé ẹni tó bá da nǹkan sára kò bá yín lọ mọ́. Lẹ́yìn náà ni kí o wá lọ wá ẹni tó máa wo rédíétọ̀ fún ọ. Ní aago mẹ́sàn-án, nígbà tí ẹ bá gbéra, wọ́n á ti lo gbogbo sùúrù ọjọ́ náà tán pátápátá, ìyẹn sì ni ohun tí a ń fẹ́.

Ra mínírà fún oníkálukú wọn ní Tóògéètì kí ẹ tó fi Ìbàdàn sílẹ̀. Ọmọ tó mu mínírà ní Tóògéètì, ó di dandan kó tọ̀ ní Ògèrè.

“Dádì, mo fẹ́ tọ̀.”

“A ti fẹ́ dé.”

Ìdáhùn kan ṣoṣo tí o nílò nìyẹn láti ilé títí dé Èkó. Ó gba ìtọ̀, ó gba ebi, ó gba “Dádì, ṣé Èkó nìyí?” nígbà tí ẹ bá ń gba àárín àwọn tírélà Ògèrè kọjá. Ilé epo tó ní ilé ìtọ̀ wà lọ́tùn-ún lósì márosẹ̀ yẹn. Sáré kọjá wọn. Nígbà tí ẹkún bá wá bẹ̀rẹ̀, tí ìyàwó rẹ ní, “Bàbá Wálé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró fọ́mọ yìí,” dúró lójijì sí etí márosẹ̀, níbi tí atẹ́gùn tírélà ti ń mi Micra, kí o kígbe mọ́ ọmọ pé kó ṣe kíá. Ìtọ̀ kì í jáde lára ọmọ tí wọ́n ní kó ṣe kíá. Ẹ óò padà wọlé, ẹ óò tilẹ̀kùn, ẹ óò rìn díẹ̀. Ìgbà náà ni yóò wá jáde.

Ní Kárà, níbi tí ọjà màlúù wà lẹ́bàá odò Ògùn, àwọn ọmọ á fò dìde lórí ìjókòó. Wọn ò rí màlúù tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Wálé á fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti wá, ẹni tó ni wọ́n, bí olówó ṣe ń mọ tiẹ̀ yàtọ̀. Ti gíláàsì sókè. Òórùn ni. Màlúù kọ́ lẹ wá wò.

Láti Bẹ́gà lọ, gó-slò ti bẹ̀rẹ̀, ọjà á sì máa sáré tọ̀ yín wá: ìpékeré, gúgúrú, Gala, omi inú ọ̀rá, búrẹ́dì Àgége, ìwé àwòrán, bọ́ọ̀lù, oògùn eku, ọmọ ajá tí ẹnì kan gbé síwọ́ tó ń wo Bọ́lá lójú. Ọ̀nà méjì ni dìndìnrìn máa ń gbà. Àwọn kan ń sọ fún ọmọ pé “Tí a bá ń padà bọ̀,” fún gbogbo ohun tó bá tọ́ka sí. Wálé á máa kà wọ́n sọ́kàn, ọmọ ọdún méje kì í sì í gbàgbé gbèsè. Àwọn mìíràn ń ra gbogbo ẹ̀. Ìwọ ṣe méjèèjì pọ̀. Mo ní láti sọ ọ̀rọ̀ rere kan nípa àwọn ọmọ tó ń tajà yìí: tí ọkọ̀ bá ṣí lójijì tí o kò tíì gba ṣéńjì, wàá rí èyí tó máa fi ẹsẹ̀ bá mọ́tò sáré títí owó rẹ fi tó ọ lọ́wọ́. Bọ́lá á pàtẹ́wọ́ fún un. Sọ fún Bọ́lá kó jókòó dáadáa.

Lẹ́nu ibodè, ère àwọn àgbà mẹ́ta onífìlà funfun wà níbẹ̀, Àrò Mẹ́ta, tí wọ́n ń kí àlejò káàbọ̀ sí Èkó. Àwọn ará Èkó ní ìkìlọ̀ wà nínú ìkíni náà, pé kí àlejò lajú. Ya fọ́tò pẹ̀lú wọn láti inú ọkọ̀ nígbà tí ọkọ̀ ń rìn.

Má béèrè ọ̀nà. Fóònù rẹ ní máàpù, fóònù náà á sì máa sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìwọ ti wá sí Èkó rí, nígbà ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ, ojú ọ̀nà ò sì lè ti yí padà púpọ̀ láti ìgbà náà. Tí gbogbo ọ̀nà bá kún tí ọ̀kan ṣoṣo dá, má wádìí ìdí tó fi dá. Wọ ibẹ̀. Àwọn LASTMA, tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ ní ọdún 2000, á ti wà ní òpin rẹ̀. Wọn kì í bá èèyàn jiyàn lórí pé àlejò ni, òfin wọ́nwéè ní Èkó sì lágbára débi pé ó lè gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹni pátápátá. Sọ fún wọn pé o mọ gómìnà. Wọ́n á bi ọ́ pé ti ìpínlẹ̀ wo.

Wàyí o, afárá Third Mainland. Jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí, torí pé ẹ̀yin náà á dúró. Babangida ló ṣí i ní ọdún 1990, kìlómítà 11.8 ni gígùn rẹ̀. Sọ fún àwọn ọmọ pé òun ló gùn jù ní gbogbo Áfíríkà. Láti ọdún 1996 ni ti Káírò ti gba oyè yẹn mọ́ ọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò já ọ nínú Micra? Kìlómítà 11.8, kò sí ilé epo, kò sí igbó, kò sí ibi tí ọkọ̀ ń yà sí. Níbẹ̀ gan-an, tí omi wà lápá ọ̀tún tí omi wà lápá òsì, ni Bọ́lá yóò ti ní òun fẹ́ tọ̀. Omi tó ń wò láti ojú fèrèsé ló fà á. Wálé ti tirẹ̀ rọrùn, ike mínírà gbà á. Bọ́lá ńkọ́? Ìyàwó rẹ á ní kí ẹ ti yà nílé epo kan ní Ọjọ́ta, gẹ́gẹ́ bí òun ti wí. Má dá a lóhùn. Àbúrò ìyàwó rẹ á gbé ọmọ sókè, á wá ibi kan gbé e sí, ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn á fọn fèrè, ọkọ̀ á fò síwájú lẹ́ẹ̀kan náà. Àpò èlùbọ́ ló wà nísàlẹ̀.

Ẹ máa lọ. Lápá ọ̀tún ni Makoko wà, ilé pákó lórí òpó nínú ọ̀sà, èéfín ẹja ń rú, ọkọ̀ ojú omi kéékèèké ń gba àárín ilé kọjá. Àwọn Ẹ̀gùn apẹja ló pọ̀ jù níbẹ̀. Wálé á rí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kan tó dá nìkan tukọ̀ lọ. Á lẹ imú mọ́ gíláàsì. “Dádì, ta ló fún un ní ọkọ̀? Ṣé ó ní láíséńsì? Ṣé ọkọ̀ yẹn náà ló ń gbé lọ sílé ìwé?” Ìbéèrè tó dára jù tí ẹnikẹ́ni máa bi ọ́ lọ́jọ́ náà nìyẹn. Ní kó yé wo ibẹ̀, kó wo àwọn ilé gíga iwájú. Kò lè rí iwájú. Ìwọ lò ń wo Èkó láti ìgbà tí ẹ ti dé; ẹ̀yìn orí rẹ ni àwọn ọmọ ń wò.

Ilé gíga náà ní wàhálà tiẹ̀. Láti kékeré lo ti ń sọ fún Wálé pé kò sí ilé tó ga tó Cocoa House ní Dùgbẹ̀, àjà 26, tí wọ́n kọ́ parí ní 1965. Ní Marina, ilé NITEL àtijọ́ yẹn ní àjà 32. Nígbà tí ọmọ bá kà á tán, parọ́. Ìbàdàn lẹ ti wá.

Aago kan ọ̀sán ti kọjá. Ó yẹ kí o mọ ibi tí o fẹ́ kó wọn lọ báyìí, nítorí náà má mọ̀ ọ́n. Àwọn ibì kan wà tí mo rọ̀ ọ́ kí o yẹra fún. Àkọ́kọ́ ni Freedom Park ní Broad Street. Ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn òyìnbó ni tẹ́lẹ̀, wọ́n ti Awólọ́wọ̀ mọ́ ibẹ̀ rí, ọdún 2010 ni wọ́n sì ṣí i gẹ́gẹ́ bí ọgbà ìgbádùn. Koríko wà níbẹ̀ tí ọmọ lè sáré lórí rẹ̀, oúnjẹ wà, àga wà lábẹ́ igi fún ìyá ọlọ́mọ, ògiri sì yí i ká tí ọmọ kò fi lè bọ́ sí títì. Kò sí ohun tí dìndìnrìn lè fi irú ibẹ̀ ṣe. Ẹlẹ́ẹ̀kejì ni John Randle Centre ní Oníkan, tí wọ́n kọ́ fún àṣà àti ìtàn Yorùbá. Dókítà tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́ ló fi owó ara rẹ̀ ṣe odò ìlúwẹ̀ẹ́ síbẹ̀ ní 1928, nígbà tí ìjọba òyìnbó kọ̀ tí kò ṣe é fún ará ìlú. Tí ìyàwó rẹ bá dárúkọ ibẹ̀, bi í pé ṣé Yorùbá lẹ tún wá wò ní Èkó ni. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù tó ń lọ láti Marina dé Mile 2 láti 2023. Ó ń gba orí omi kọjá, inú ọmọdé á dùn kọjá ààlà, káàdì Cowry ni wọ́n sì fi ń wọ̀ ọ́. Fa owó bébà yọ, kí o máa bá wọn jà lórí rẹ̀ títí ọkọ̀ fi lọ.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní Oníkan yẹn, mo fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n lórí ohun kan ṣoṣo: má kó wọn lọ sídìí ère idẹ tàbí ìlù. Gba ìdí ọkọ̀ Mercedes tí wọ́n pa Mùrítàlá sí ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1976 lọ tààrà. Bọ́lá á béèrè ohun tó lu ọkọ̀ náà. Òbí tó lóye á ní ìtàn gígùn ni, á sì fà á lọ́wọ́ lọ. Ìwọ ṣàlàyé ní kíkún, bẹ̀rẹ̀ látorí Gówọ̀n. Má ṣàì sọ fún un pé gó-slò Èkó ló dá ọkọ̀ náà dúró ní Ìkòyí tí àwọn apànìyàn fi rí i yìnbọn sí. Láti ìgbà náà títí ẹ óò fi délé, gbogbo ìgbà tí Micra bá ti dúró ni Bọ́lá á máa ké.

Láti ibẹ̀, Lẹ́kkí. Hẹ́kítà 78 igbó ni wọ́n dá sí níbẹ̀ láti 1990 fún igi àti ẹranko, wọ́n sì so afárá kan mọ́ òkè igi tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 401, tó ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ èèyàn. Gbé àbíkẹ́yìn sí apá kan, di fóònù mú lọ́wọ́ kejì, jẹ́ kí agbádá máa wọ́ nílẹ̀. Ní agbede méjì afárá ni Bọ́lá á ti ní òun ò lọ síwájú mọ́, òun ò sì padà sẹ́yìn. Bàtà ń pa á lẹ́sẹ̀. Èrò á ti tò lẹ́yìn yín, àwọn ọ̀dọ́ olólùfẹ́ tó wá ya fọ́tò, wọ́n á máa kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà wọn ò ní rẹ́rìn-ín mọ́. Nígbà tí ẹ bá fi máa sọ̀ kalẹ̀, àwọn ọ̀bọ á ti dúró de ọ̀rá tí ẹ kó ìpékeré sí. Ọ̀bọ ibẹ̀ ti kẹ́kọ̀ọ́ lára àlejò, wọ́n mọ ọ̀rá oúnjẹ yàtọ̀ sí ọ̀rá aṣọ. Inú Wálé nìkan ló máa dùn sí èyí.

Òkun tí o ṣèlérí ńkọ́? Kó wọn lọ sí Bar Beach, níbi tí bàbá tìrẹ kó ọ lọ nígbà tí o wà lọ́mọdé. Kò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ti bu iyanrìn lé òkun náà, wọ́n sì ń kọ́ ìlú tuntun tí wọ́n ń pè ní Eko Atlantic sórí rẹ̀. Dúró síbẹ̀ kí o máa fi ọwọ́ ṣàpèjúwe ibi tí ìgbì máa ń dé fún àwọn ọmọ, kí gádì kan máa wò yín. Lẹ́yìn náà ẹ wá etíkun mìíràn tí wọ́n ti ń gbowó lẹ́nu ọ̀nà.

Níbí, màá bọ́ ẹ̀wù yẹ̀yẹ́ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Òkun Èkó kì í ṣe ti eré. Ìgbì rẹ̀ ń fà láti ìsàlẹ̀, ó ti gbé àgbàlagbà tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ lọ lójú àwọn ará ilé rẹ̀. Di ọmọ rẹ lọ́wọ́ mú, kí omi má kọjá kókósẹ̀, kí o gbé fóònù sápò. Ó tó. Wọ ẹ̀wù náà padà.

Ọjà Balógun ló kù. Ìyàwó rẹ fẹ́ ra léèsì, òótọ́ ni pé ó wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ ní Ìbàdàn, ẹ ò sì ní pẹ́. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn ní Ìdúmọ̀tà. Má kọ nọ́ńbà fóònù rẹ sí ọmọ lápá. Má kọ́ ọmọ ní orúkọ tí ìjọba mọ̀ ọ́ sí. Nígbà tí Bọ́lá bá wá sọnù láàárín èrò, tí ìyá aláṣọ kan fà á lọ́wọ́, tó gbé e jókòó sórí ìdì aṣọ rẹ̀, báyìí ni ọ̀rọ̀ á ṣe lọ.

“Kí lorúkọ dádì ẹ, ìyá mi?”

“Dádì.”

“Kí ni màmá ẹ ń pè wọ́n?”

“Bàbá Wálé.”

“Níbo lẹ̀ ń gbé?”

“Nílé wa.”

Màmá náà á fún un ní bísíkíìtì, á sì ní kí ọmọ kan máa kígbe “Bàbá Wálé!” yí ọjà ká. Bàbá Wálé méje ló máa dáhùn kí ó tó kàn ọ́. Dúpẹ́ lọ́wọ́ màmá náà lórí ìkúnlẹ̀, kí o sì bá Bọ́lá wí pé kò mọ àdírẹ́sì.

Ó ti di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, gbogbo ẹni tó ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù sì fẹ́ kúrò níbẹ̀. Ọlọ́gbọ́n á ti wà ní Ṣàgámù. Ìwọ ṣì ní Ìkòròdú láti lọ. Àbúrò bàbá rẹ tó wà ní Ẹ̀pẹ́ náà ti gbọ́ pé ẹ wà ní Èkó, ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ ní Àgbádárìgì sì ń bínú pé ẹ ò ní yà kí òun. Ṣèlérí fún gbogbo wọn pé ẹ ń bọ̀ lálẹ́. Àgbádárìgì sún mọ́ ibodè orílẹ̀-èdè Benin ju bó ṣe sún mọ́ Ìkòyí lọ, Ẹ̀pẹ́ sì wà ní òdìkejì pátápátá, ṣùgbọ́n Èkó ni gbogbo wọn ń jẹ́ lẹ́nu wa ní Ìbàdàn.

Bùrọ̀dá á ti máa dúró de yín lẹ́nu ọ̀nà ní Ìkòròdú. Gbé èlùbọ́ sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ, kí o fi apá tó tutù kọ sí ògiri. Tí wọ́n bá ní ó ń rùn díẹ̀, sọ fún wọn pé bí ti ọdún yìí ṣe jáde nìyẹn. Àwọn ọmọ á fẹ́ sọ̀rọ̀. Rán wọn ní omi. Ìyàwó Bùrọ̀dá á ní kí ẹ sùn, kí ẹ lọ lówùúrọ̀. Sọ pé ẹ ò kó aṣọ dání. Bùrọ̀dá fúnra wọn á ní, “Ó dáa, ẹ má padà sí Kétu o, ẹ gba ọ̀nà Ìkòròdú yìí já sí Ṣàgámù, ẹ óò ti fo Káǹpù.” Àmọ̀ràn tó lè bá gbogbo ohun tí mo ti kọ́ ọ jẹ́ nìyẹn. Ní “Ẹ ṣeun sà,” kí o sì padà sí Kétu.

Mi ò ní sọ púpọ̀ nípa wákàtí tó kù. Bẹ́gà, Kárà, Ìbàfò, iná ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ súà. Pámpásì tó kù ti tán ní Lẹ́kkí. Ní ìwájú Káǹpù, ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á sùn lẹ́ẹ̀kan náà fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìdájí, ọkọ̀ á parọ́rọ́. Tan rédíò.

Nígbà tí ẹ bá délé lóru, jí wọn. Tò wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n dúpẹ́. Lẹ́yìn náà kí o wá jókòó, kí o yan fọ́tò tí o máa gbé sórí WhatsApp. Nínú gbogbo èyí tí o yà, ọ̀kan ló wà tí ẹnikẹ́ni ò ti ké, ẹsẹ̀ Bọ́lá nìkan ni kò sí bàtà. Gé e kúrò. Kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé Ọlọ́run ló ṣe é.

Iṣẹ́ kan ló wá kù, o sì gbọ́dọ̀ ṣe é kí ilé ìwé tó wọlé. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, tísà Wálé á ní kí gbogbo kíláàsì kọ àròkọ lórí bí wọ́n ṣe lo ìsinmi wọn. Má fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún ọmọdé. Pè é sí pálọ̀, kí o ka ohun tó máa kọ fún un: afárá tó gùn jù ní Áfíríkà, ilé gíga, òkun, ìfẹ́ bàbá sí ọmọ. Jẹ́ kó kà á sórí, kó tún un kà fún ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ojú ewé méjì ni tísà ní kí wọ́n kọ. Ohun tí Wálé máa kọ rèé: “Dádì mi kó wa lọ sí Èkó. Ọmọ kan wà níbẹ̀ tó ní ọkọ̀ ojú omi. Dádì mi ní kí n má kọ nípa èlùbọ́.”